Káàdì Kẹta fún Ìsọdìwáṣẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Àwọn páálí tó wà lábẹ́ fèrèsé ti rin gbingbin. Mo kó wọn sórí tábìlì Ọ̀gá, ó sì wò mí bíi pé èmi ni mo rán òjò níṣẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé kí ìwé atúmọ̀ èdè yìí tó lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Mẹ́wàá nínú wọn ò le. Ìkọkànlá ni ìsọdìwáṣẹ̀, sísọ èèyàn di ará ìwáṣẹ̀.

"Ta ló fi eléyìí síbí, sà?"

"Èmi ni. Àwọn olùkọ́ ń lò ó. Àwọn ọmọ iléèwé á wá a, wọn ò ní rí i, wọ́n á sì sọ pé a ò mọ iṣẹ́ wa. Wá ìtumọ̀ fún un."

Ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀. Káàdì méjì péré, tí a kọ bí èèyàn ṣe lò ó sí, ló wà nínú dúrọ́ọ̀ fún un. Ọ̀kan wá láti ẹnu olùkọ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn jagunjagun àtijọ́. Ìkejì wá láti ẹnu Ọ̀gá fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tó ń bú àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Òfin rẹ̀ sì nìyí láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wà níbí: káàdì mẹ́ta, ẹnu mẹ́ta, kí a ka ọ̀rọ̀ náà padà fún ẹni tó sọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ìkẹta ò bá sí, ọ̀rọ̀ ò wọlé. Mo ní kó yí òfin náà díẹ̀ nítorí ìkánjú. Ó béèrè bóyá ara mi dá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo kọ ìtumọ̀ àkọ́kọ́: "irọ́ tí a fi ń gbé ènìyàn ga." Ọ̀gá fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ lé e lórí.

"Irọ́ kọ́. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, kọ irọ́, kó tán síbẹ̀. Ẹni tó ń purọ́ mọ̀ pé òun ń purọ́. Ẹni tó ń ṣe eléyìí ò mọ̀."

Mo padà sídìí tábìlì mi. Mi ò gbà fún un.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

A jẹun ọ̀sán nílé Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé kan wá nínú àpò àyà rẹ̀, ó dìde dúró, ó wú ikọ́ bíi pé ó fẹ́ ka ìròyìn. Ohun tí wọn yóò gbẹ́ sára òkúta ìrántí Bàbá lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ omi tó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, èyí tí wọn yóò ṣí lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń bẹ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kí wọ́n tó gbà.

"Òun nìkan ló ṣí ilẹ̀kùn omi lọ́jọ́ ìkún omi ńlá. Ó ń kọrin bó ṣe ń ṣí i, ìsàlẹ̀ ìlú sì là."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi orin. Èmi wo abọ́ mi.

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ ti sọ bàbá yín di ará ìwáṣẹ̀, ẹ sì ti gbé mi jù síta níbẹ̀."

"Màmá, kí ló fa èyí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Kò sí ohun tó fà á. Jókòó jẹun. Ṣùgbọ́n mi ò ní wá síbi òkúta yín o."

Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó. Ó ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ẹran rẹ̀ wà nínú abọ́ síbẹ̀. Láyé mi, mi ò rí i kó fi ẹran sílẹ̀ rí.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé mo ti rí káàdì kẹta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo kọ káàdì Màmá. Ọ̀gá ò fẹ́ àpẹẹrẹ tó gùn ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, nítorí náà mo gé e: "Ẹ ti sọ bàbá yín di ará ìwáṣẹ̀." Ó mọ́ tónítóní. Ọ̀gá kà á, ó mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gan-an rèé, aṣọ ilé ló wọ̀. Ó ku kí n kà á fún Màmá, kó fọwọ́ sí i.

Ohun kan wà tí mi ò tíì kọ síbì kankan, n ó kọ ọ́ báyìí. Bàbá ò kọrin lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo fi orin síbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, wọ́n ní ká kọ àròkọ níléèwé lórí akọni kan tí a mọ̀. Ìtàn Bàbá kúrú jù, kò kún ojú ìwé kan, mo bá fi orin kún un. Mo kọ ọ́ pé àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú gbọ́ ohùn rẹ̀ borí ariwo omi. Ẹ̀gbọ́n mi ka àròkọ náà títí ó fi mọ ọ́n sórí. Nígbà tí Bàbá kú, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, gbogbo èèyàn sunkún. Èmi náà sunkún. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n ò gbé fóònù. Tòmátì ti wọ́n ní ìlọ́po méjì. Òjò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

N ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó sùn.

Mo lọ bá Màmá lẹ́yìn ìsìn. Ó ń lọ aṣọ. Mo ní iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni mo bá wá, pé mo fẹ́ ka ọ̀rọ̀ kan tó sọ padà fún un, kó fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó nu ọwọ́, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Mo ka káàdì náà.

Ó ń retí kí n máa kà lọ. Mo fún un ní bírò. Kò gbà á.

"Ìyókù dà?"

"Ìyókù kí ni, Màmá?"

"Ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Mo ní ẹ ti gbé mi jù síta níbẹ̀. Ṣé o ò gbọ́ ni, àbí o gbọ́, o wá gé e?"

Mo ní ó gùn jù ni. Mo ní ilé iṣẹ́ ò fẹ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ń tì mí.

"Ẹ ṣé o," Màmá ní. "Ìwọ náà ti gbé mi jù síta."

Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn tó fi ní a gbé òun jù síta. Ó ní láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun.

"Ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ gbàgbé awò ojú ẹ̀ sórí tábìlì. Òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé láìsí awò yẹn kò lè rí nọ́ńbà tó wà lára ògiri, tó ń sọ bí omi ṣe ga tó. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ṣọ́ ẹ, mo fi awò sínú ọ̀rá, mo gba ọ̀nà. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti sá lọ. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ nínú omi, ó ń sunkún. Wíìlì tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn omi ti há, bí kò bá sì ṣí, dáàmù á wó lu ìsàlẹ̀ ìlú."

"Bàbá ń sunkún?"

"Ìwọ ò ní sunkún? Mo ní, 'Bàbá Àkọ́bí, dìde.' Mo bá a wá páìpù kan, a ki í bọ àárín wíìlì yẹn, àwa méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni páìpù yọ̀ bọ́. Ìgbà kẹta ni ọrùn ọwọ́ mi yẹ̀. Ìgbà kẹrin ló yí."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú mi, èyí tí kì í nà tán. Gbogbo ìgbà tí mo fi dàgbà, ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ṣubú nílé ìwẹ̀.

"Kí lẹ wá dákẹ́ fún?"

"Wọn ò gbọdọ̀ rí ará ilé òṣìṣẹ́ lẹ́bàá wíìlì yẹn. Wọ́n á lé e níṣẹ́. Ẹ̀yin méjì ń jẹun nígbà yẹn bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ oúnjẹ."

"Nígbà tó fẹ̀yìn tì ńkọ́?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìtàn yẹn ti dùn jù nígbà yẹn. Ó ti ní orin nínú. Wọ́n pọ́n ọn níbi ìfẹ̀yìntì ẹ̀ títí, ó wá yíjú wò mí, ojú ń tì í. Mo ní kó máa jẹun ẹ̀ jàre. Mi ò bínú sí i. Kò purọ́, kò kàn dá wọn lóhùn ni. Ṣùgbọ́n òkúta, Alákọ̀wé! Tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ báyẹn, tí èmi náà bá kú, ta ni ó sọ pé mo wà níbẹ̀?"

Mi ò lè gbé e mì mọ́. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo fi orin yẹn síbẹ̀. Nínú àròkọ."

"Mo mọ̀. Ta ló fọwọ́ sí ìwé àròkọ rẹ? O gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ yìí á di òpùrọ́." Ó mú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. "O wá di alákọ̀wé. Mo dúpẹ́."

Mo kọ káàdì tuntun níbẹ̀, lórí tábìlì aṣọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó kà á fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ tí kì í nà yẹn. Mi ò rántí ìgbà tí ara mi fúyẹ́ báyìí kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti mọ ohun tí mi ò rí lọ́jọ́sí. Mo rò pé fífi kún ìtàn nìkan ni ìsọdìwáṣẹ̀. Orin ni mo ń wò. Mi ò wo ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo kọ ìtumọ̀ mìíràn: "kí àwọn ènìyàn máa fi kún ohun tí ẹnì kan ṣe, kí wọ́n sì máa yọ nínú rẹ̀, láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí ìtàn rẹ̀ yóò fi dà bí èyí tó ti wà láti ìwáṣẹ̀."

Ọ̀gá kà á. Ó gbé bírò pupa sókè. Ó gbé e sílẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni agbẹ́kùúta yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò sì gbé fóònù. N ó lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bí mo bá sọ ti Màmá, mo gbọ́dọ̀ sọ ti orin.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo bá a ní iléèwé awakọ̀ tó ti jẹ́ olùkọ́, níbi tó ti ń dúró de ẹni tó fẹ́ kọ́. Ẹni náà ò wá, òjò ti dá a dúró.

"Alákọ̀wé. Wọlé, de bẹ́líìtì."

Ìjókòó awakọ̀ ló fi hàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ yẹn kí ó má kọ́ èèyàn. Mo wa ọkọ̀, òun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréékì kejì.

"Wo dígí. Ṣé Màmá ló rán ẹ?"

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Níbo?"

"Nídìí wíìlì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ yí i."

Ó tẹ bíréékì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá gíláàsì. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè kíkankíkan. Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí síta. "Ẹ má bínú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni!" Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí.

Mo páàkì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: awò ojú, páìpù, ẹkún Bàbá, ọrùn ọwọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màmá ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kó tó dé. Ọwọ́ ẹ̀ ti wú. Mo bi í, ó ní òun ṣubú. Èmi ni mo bá a po omi gbígbóná tó fi tẹ ọwọ́ náà." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo rí ọwọ́ yẹn, Alákọ̀wé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo rí i. Mo wá ń rìn kiri, mo ń sọ pé òun nìkan."

"Ẹ ò mọ̀ ni."

"Mi ò béèrè ni." Ó nu imú. "Ó dáa. Orin ni ká wá fi ṣáájú báyìí…"

"Kò sí orin."

"Kí ni kò sí?"

"Èmi ni mo kọ ọ́ sínú àròkọ. Ìtàn ò kún ojú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Mo rò pé yóò sọ mí kalẹ̀ sínú òjò. Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi ọkọ̀. "Mo ti ń bi ara mi! Bàbá tó jẹ́ pé tó bá gbẹ́nu lé orin nílé ìsìn, àwọn tó wà níwájú á wẹ̀yìn! Mo ní bóyá omi ló tún ohùn ẹ̀ ṣe!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dákẹ́, ó ní: "Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo kọ́ lọ́kọ̀. Ó tó ẹgbẹ̀rún. Ìwọ lo máa lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan." Mo ní mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi pè ní aago méje, ohùn rẹ̀ ò dára. Agbẹ́kùúta ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òjò lé òun wọ abẹ́ òrùlé, ló bá mú tiwa gbẹ́.

Òun ló wa ọkọ̀. Gbogbo ohun tó máa ń bá àwọn tó ń kọ́ jà lé lórí ni ó ṣe lọ́nà. Mo ń ronú Màmá níwájú òkúta yẹn.

A bá agbẹ́kùúta tó ń jẹ búrẹ́dì, eruku funfun lójú àti lára búrẹ́dì náà. Ó ṣí tapólì. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ńláńlá, wọ́n rẹwà: ÒUN.

"Irin mi ló kújú," ó ní. "Mo ń retí òmíràn ni. Ẹ má bínú pé kò tíì jìnnà."

Ẹ̀gbọ́n mi di ọkùnrin náà mọ́ra, eruku pẹ̀lú búrẹ́dì. Èmi jókòó sórí òkúta olókùú ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ìwé jáde, ó fi orí ọkọ̀ ṣe tábìlì, ó kọ ọ́: "Òun àti aya rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn omi lọ́jọ́ ìkún omi ńlá. Ìsàlẹ̀ ìlú sì là."

"Orin ńkọ́?" agbẹ́kùúta béèrè. Ó ti fẹ́ràn ibẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹni tó kọ ọ́ ti kó o padà."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Oòrùn yọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá sílé Màmá pẹ̀lú irinṣẹ́. Kò tọrọ àforíjì. Ó tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ṣe, ó tún ti ilé ìwẹ̀ ṣe, ó wá èyí tó tún bàjẹ́ títí, kò rí. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá, ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

"Màmá, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Àbúrò rẹ ò ti sọ ọ́?"

"Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti wá."

Ó sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi ọrùn ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi gba ọwọ́ náà mú, kò fi í sílẹ̀ títí tó fi parí. Màmá ní kó fi òun sílẹ̀, pé òun fẹ́ lọ wo ìkòkò. Kò sí ìkòkò lórí iná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wàhálà kékeré. Káàdì Màmá ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, àyè ò sì sí lójú ìwé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo sọ fún Ọ̀gá pé bí a bá gé e, mo máa kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ka káàdì náà, ó ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó bi mí ta ni. Mo sọ fún un.

"Yọ tèmi kúrò lójú ìwé," ó ní. "Ti bọ́ọ̀lù yẹn. Kò tiẹ̀ dùn."

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́

Onítẹ̀wé ti kó o lọ. Mo sùn ní ọ̀sán gangan, kò sẹ́ni tó jí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje

Màmá wá. Ó ti wọ bàtà láti aago mẹ́fà àárọ̀, ó ń bú wa pé a ń fa ẹsẹ̀.

Wọ́n ká aṣọ kúrò lórí òkúta. Ó sún mọ́ ọn, ó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Kò sunkún. Ó kàn mí èémí kan tó gùn, ó sì di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. Mo ti bẹ̀rù pé yóò kú kó tó rí i. Ó ti rí i. Mi ò bẹ̀rù mọ́.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ní kó bá wa sọ̀rọ̀. Kò sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: awò ojú, páìpù, ẹ̀ẹ̀mẹta ó yọ̀, ìgbà kẹrin ó yí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Lẹ́yìn náà a jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò wa. Àwọn obìnrin mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ìlú wà lẹ́yìn wa, wọn ò mọ̀ pé a ń gbọ́.

"Ìyá yìí náà ló yí irin yẹn?"

"Òun ni. Wọ́n ní ọwọ́ kan ló fi yí i."

"Ọwọ́ kan kẹ̀! Ọkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló wà tó ń sunkún."

Mo gbé ìgò mi sílẹ̀, mo dìde. Màmá fa aṣọ mi.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ tún un ṣe fún wọn, Màmá. Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni?"

"Mo gbọ́." Kò yíjú sí wọn, ṣùgbọ́n ó ti gbé etí rẹ̀ sún mọ́ wọn díẹ̀. "Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni bàbá yín fi jẹ tiẹ̀. Jókòó. Jẹ́ kí tèmi náà lo ọ̀sẹ̀ kan ná kí o tó bà á jẹ́."